Jẹ́ Kó Ṣàn Ná

"Bàbá, ẹ gbọ́ tèmi! Omi tí èmi ọmọ yín bá ti fọwọ́ sí, kí ọba máa fi ṣan ẹnu lọ, kí ọmọ tí wọ́n bí lánàá máa mu ún bí ọmú! Bó bá ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, kí wọ́n wá dè mí lókùn!"

Ariwo tí Ẹnjiníà ń pa sínú fóònù pọ̀ débi pé Màmá Òkè, ìyá àgbà tó ń gbé lókè orí wọn, fi ọ̀pá lu ilẹ̀ yàrá tirẹ̀ gbà-gbà-gbà. Kò tíì di ẹnjiníà o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tó ń kọ́ ìmọ̀ omi àti páìpù ní yunifásítì kan lókè òkun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí físà rẹ̀ ti jáde ni bàbá rẹ̀ ti fi oyè náà dá a lọ́lá, ìyá rẹ̀ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn àbúrò tó ń pè é ní Orí Àgbọn láti kékeré sì fi tipátipá gbàgbé Orí Àgbọn.

"Bàbá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un," ìyàwó rẹ̀ ké láti orí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá. Oyún rẹ̀ ti tóbi débi pé ikùn ló máa ń kọ́kọ́ dé ibikíbi tó bá ń lọ. "Ọmọ yín ti fi ìfọ́nnu lé gbogbo aládùúgbò lọ!"

"Jẹ́ kó fọ́nnu, ìyàwó wa," bàbá dáhùn. "Kí ni wọ́n ń kàwé fún?"

Ìfọ́nnu náà nídìí. Àwọn ilé gogoro tó wà ní àdúgbò náà fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, agbálẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ aláìlówó ló sì kún inú wọn. Wọ́n ti ń kùn pé omi ẹ̀rọ ń dà bí irin lẹ́nu àwọn. Ilé iṣẹ́ omi wá gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ Ẹnjiníà. Ta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tún máa rán, bí kò ṣe ẹni tó ń gùn àtẹ̀gùn ilé náà lójoojúmọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ èyí tó sán nínú wọn?

Ẹnjiníà ṣe é bí ìwé ṣe wí. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ láàárọ̀, ó ti dé, ó sì bu èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni pé omi tó bá sùn nínú páìpù àtijọ́ á máa lá òjé ara páìpù náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òjé sì rèé, ọpọlọ ọmọdé ló ń jẹ. Nígbà tí èsì jáde, ó já wọ ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n bí ẹni tó mú olè.

"Sà, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Òjé ni! Òjé kún inú omi náà bámúbámú!"

Ó na ọwọ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjá lára ọwọ́ náà, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

"Báwo lo ṣe bu omi náà?"

"Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni, sà."

"Ibẹ̀ lo ti ṣìṣe." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti bàbá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. "Ṣí ẹ̀rọ. Jẹ́ kó ṣàn ná. Ìgbà tó bá ṣàn, tó tutù, tó mọ́ lóló, ìgbà yẹn ni kí o gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n sà, òjé á ti bá èyí tó ṣàn lọ. Àwọn ará ilé yẹn kì í sì í jẹ́ kó ṣàn kí wọ́n tó fi po oúnjẹ ọmọ."

"Ọmọ mi," Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, "ilé iṣẹ́ omi ló ń bọ́ láàbù yìí. Bí wọ́n bá ní láti hú gbogbo páìpù àdúgbò yẹn, ebi á pa àwa náà. Lẹ́tà tí wọn yóò fi tún físà rẹ ṣe sì rèé lórí tábìlì mi. Ó wù mí kí n fọwọ́ sí i. Má jẹ́ kí bírò mi gbẹ."

Ẹnjiníà jáde. Ó wo iwájú, kò ṣeé lọ. Ó wo ẹ̀yìn, kò ṣeé padà sí. Bí kò bá sí lẹ́tà, òun àti aláboyún á di ẹrù wọn, wọ́n á sì gba ilé lọ. Kó wá lọ fẹjọ́ sùn ńkọ́? Ilé iṣẹ́ omi kan náà ni wọ́n máa ní kó gbé ẹjọ́ omi lọ. Ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ ológbò sùn lọ́dọ̀ ológbò!

Nígbà tó tún gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpótí ìgò rẹ̀, ilé ìdáná Màmá Òkè ló kọ́kọ́ yà sí. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó káwọ́ gbera. Omi ń dà. Ó ń dà ṣáá.

"Ẹnjiníà, ṣé o sùn lórí ìdúró ni? Omi ń ṣòfò!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣàn ná, Màmá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èmi náà máa ṣe?"

Ẹnu Ẹnjiníà là. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Ṣùgbọ́n bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá á béèrè ìdí. Bó bá sọ ìdí, gbogbo ilé á gbọ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Ti àyẹ̀wò nìkan ni."

Màmá Òkè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọmọ náà ti tó ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni rí, inú rírun ni tirẹ̀. "Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Ìwọ lo kàwé o. Ṣé kì í ṣe omi wa?"

"Omi..." Ó gbé ìgò sábẹ́ ẹ̀rọ. "Omi dára, Màmá."

"Kí Ọlọ́run bù kún ọ. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹnjiníà ra pálí omi inú ike, tó sì fi kóòtù rẹ̀ bò ó gùnkè bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó! Ẹnjiníà omi ń ra omi! Kí lẹ rí lẹ́nu ẹ̀rọ, olówó orí mi?"

"Má pariwo! Ti aláboyún ni. Ó ń fún egungun ọmọ lágbára. Èyí nìkan ni kó o máa mu, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́."

Láti ìgbà náà, bí pálí kan bá ti ń tán lọ ló ń gbé òmíràn wọlé. Á wo àwọn ike òfìfo nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, á sì mí kanlẹ̀. Kò lè gba gbogbo ilé là, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹni méjì là. Ìyẹn ló fi ń rí oorun sùn.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ omi pe gbogbo àdúgbò sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n tan èsì àyẹ̀wò sára ògiri: omi mọ́ lóló bí ojú ẹni rere. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ kì í wá gbohùngbohùn fò dìde.

"Irọ́! Bó bá dára, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ kóòtù yẹn wá mu ún!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tó fi máa jẹ́ àwa àjèjì? Ẹni tó ń bá yín gbé ni yóò mu ún." Ó nawọ́ sí Ẹnjiníà.

Wọ́n ṣí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Wọ́n jẹ́ kó ṣàn. Ó ṣàn títí àwọn kan fi ń yán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu ife kan fún un. Ẹnjiníà wo ife, ó wo Màmá Òkè tó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí itan níwájú, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó gbé ife sókè, ó sì dà á mu tán pátápátá.

Àtẹ́wọ́ bẹ́! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì gan-an sọ pé, "Ó dáa, bí Ẹnjiníà wa bá ti mu ún, mo túúbá." Ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ní kí àwọn tó gbà pé kí páìpù wà bó ṣe wà nawọ́ sókè. Ọwọ́ ṣú bí igbó. Ti Màmá Òkè wà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹnu sí i létí. "Mo ti fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ láàárọ̀ yìí."

Ìgbà náà ni ìyàwó Ẹnjiníà dìde láàárín èrò. Ikùn rẹ̀ ṣáájú, ojú rẹ̀ ń dán. Ta ni yóò jẹ́rìí ọkọ rẹ̀ bí kò ṣe òun? Wọ́n fún aláboyún láyè.

"Èmi náà fẹ́ jẹ́rìí," ni ó wí. "Omi ẹ̀rọ yìí ni mò ń mu láti ọjọ́ tí mo ti dé. Èyí tí ọkọ mi ń rà wá fún mi nínú ike, n kì í fẹnu kàn án. Àlejò ni mò ń fún."