Àlejò Tó Béèrè Ìkòkò Etelvina

Kò tíì kí mi tán tó ti ń béèrè ìkòkò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni o, ọjọ́ tí gbogbo ìlú Salvador wa ń wọ funfun fún Òòṣàálá, aṣọ dúdú lòun wọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní Ademar lorúkọ òun, ìlú Rio lòun ti ń bọ̀, pé ṣé ìkòkò Ọ̀ṣun tí Etelvina fi sílẹ̀ ṣì wà nílé òrìṣà wa.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fá orí èmi àti Etelvina fún òrìṣà. Láti ìgbà tó ti bá ọkọ lọ sí Rio, èmi ni mò ń fọ ìkòkò yẹn, tí mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀, kó lè bá a bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Èṣí ni ọ̀mọ̀wé kan wá síbí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ya fọ́tò kiri. Ìgbà tó lọ tán la wá agogo Ọ̀ṣun tì.

Mo ní kí ló fẹ́ fi ìkòkò ṣe. Ó wolẹ̀. Ó ní Etelvina ni ìyá àgbà òun, ìyá àgbà náà ló rán òun. Mo ní kí ló dé tí Etelvina fúnra rẹ̀ ò lè wá. Ó kàn ń yọjú wo inú ilé lẹ́yìn mi. Olè paraku! Mo ní kó dúró nínú oòrùn níbẹ̀. Mo sáré wọlé, mo gbé ìkòkò náà sábẹ́ ibùsùn mi, mo padà wá wò ó lójú kòrókòró, mo ní a ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Etelvina.

Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo ní ó kúkú mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbà náà ni Ìyá Valdelice, olórí ilé wa, ti ọjà ewé dé.

“Lindaura, ṣé o ti fún àlejò lómi?”

“Ìyá, ẹ má dá a lóhùn jàre. Ìkòkò Etelvina ló fẹ́ jí.”

“Omi ni mo bi ọ́.”

Ta ní í fún olè lómi? Ìyá fúnra wọn bù ú wá, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé ìyókù fún un. Ademar mu ún tán, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Màmá àgbà ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé ẹ fún mi lómi, pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é níbí. Wọ́n ti kú. Wọ́n ní kí Lindaura bá àwọn fọ́ ìkòkò náà, kí ọ̀nà lè là fún àwọn.”

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ta ló rí òkú rẹ̀. Ìyá kàn ń wò mí, ojú wọn ti pọ́n.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ètùtù òkú Etelvina, wọ́n gbé ìkòkò lé mi lọ́wọ́. Mo ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀, bí ìṣe mi. Mo là á mọ́lẹ̀. Ẹkún tí mo sun pọ̀ débi pé Ademar, ẹni tí mo pè lólè, ló dì mí mú. Mo bi í bóyá Etelvina tiẹ̀ ń dárúkọ mi. Ó ní ọdọọdún ni Etelvina ń tún yàrá kan ṣe, tó ń sọ pé Lindaura ń bọ̀ wá kí òun.