Aláǹtakùn Tó Sùn sí Ìsàlẹ̀ Omi

Mi ò fẹ́ràn aláǹtakùn, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àárín ìgboro Sydney ni wọ́n bí mi sí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí aáyán nìkan ti ń yọ èèyàn lẹ́nu. Ìfẹ́ ló gbé mi dé Hornsby, létí igbó. Mo fẹ́ Darcy, Darcy ò sì lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Màmá Noreen ò ní kúrò nínú ilé tó fẹ̀yìn ti igbó yẹn, àfi tí wọ́n bá gbé e jáde.

Ẹ wo obìnrin yẹn láàárọ̀! Á gbé kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́, á dé fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú, á wá máa yí ilé po. Á gbọn bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á yẹ abẹ́ àga wò, á ti igi ìdáná jìnnà sí ògiri, á fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Aláǹtakùn ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wa, onírun, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, orí àga ni mo bá ara mi.

"Sọ̀ kalẹ̀ jàre, ìyàwó mi," ni Màmá wí. "Ọdẹ nìyẹn. Kò lóró tó lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Aáyán ló ń jẹ. Àbí ìwọ lo máa bá wa jẹ aáyán ọ̀hún?"

Ṣùgbọ́n tó bá rí ẹlẹ́yìn pupa, èyí kékeré tó dúdú bí ìlẹ̀kẹ̀ tó sì ní ilà pupa lẹ́yìn, bàtà ló máa fi tẹ̀ ẹ́ pa láìdá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró. Mo ní kó jẹ́ ká kúkú fọ́n oògùn sí gbogbo àyíká, ká lè sùn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

"Fọ́n ọn. Àwọn tó wà nínú ihò á jáde, wọ́n á máa wá ilé tuntun kiri. Ilé ta ni wọ́n máa wọ̀? Ilé ẹ náà ni."

Ẹyọ kan ló ń bà á lẹ́rù: ẹlẹ́nu àrọ. Dúdú ni, ó ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹnu ihò rẹ̀ sì rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Lẹ́yìn òjò, àwọn akọ wọn máa ń rìn káàkiri láti wá ìyàwó, wọn a sì máa já sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé kan. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Darcy ń kó ewé kúrò nínú adágún wa, ló bá rí i nísàlẹ̀ omi, ó ká ẹsẹ̀ jọ, kò mira.

"Ẹ wá wo òkú o!" ló pariwo.

Màmá yọjú láti fèrèsé kíṣíìnì. "Darcy! Má fọwọ́ kàn án! Kò kú!"

"Màmá, ó ti wà nísàlẹ̀ omi láti òru. Tí kò bá tíì kú, a jẹ́ pé ẹja ni. Aláǹtakùn onílẹ̀kùn lásán sì ni, èyí tí kì í pa èèyàn, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń sọ."

Ó ti bọ ọwọ́ sómi kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Olórí kunkun! Gbogbo ará àdúgbò wa ló mọ̀ pé nǹkan yẹn lè wà lábẹ́ omi tipẹ́tipẹ́ kó má kú, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà pẹ̀lú nǹkan, ojú rẹ̀ máa ń fo ewu rẹ̀. Ó gbé e jáde, ó fẹ́ jù ú sínú igbó, ni mo bá gbọ́ tó ké. Aláǹtakùn náà ti bù ú jẹ, ó há mọ́ ìka rẹ̀. Ó gbọn ọwọ́, ó tún gbọn ọwọ́, kó tó já bọ́ sílẹ̀.

Mo ti bọ́ bàtà mi láti lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Màmá sáré jáde, ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó da ìgò jáàmù bo nǹkan náà, ó fi páálí ti ẹnu ìgò, ó dojú rẹ̀ sókè. Ó wò ó fínnífínní.

"Ẹ bá mi gbé yìnyín wá," ni Darcy ń wí, ó ń fẹ́ rìn wọlé.

"Jókòó síbẹ̀! Má rìn! Ẹlẹ́yìn pupa la ń fi yìnyín sí, a kì í fi bándéèjì di ojú ìbùjẹ ìyẹn. Eléyìí, tí a ò bá dì í, oró á gun ọkàn ẹ. Wo bó ṣe ń dán. Wo ìwo kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Akọ ẹlẹ́nu àrọ ni. Ìyàwó mi, pe áḿbúláǹsì!"

Bándéèjì wà nínú àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: nínú àpò ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń fi áńkáṣífù sápò! Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìka, ó dì í le dandan títí dé abíyá, ó wá fi ṣíbí onígi gígùn so ọwọ́ náà kó má lè tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Èmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀.

"Ẹ fẹ́ sè mí bíi tòlótòló fún Kérésì ni?" ni Darcy wí. Lẹ́yìn náà ó ní ètè òun ń ṣe wìnnìwìnnì. Òógùn bò ó, ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. Mo rí i pé ọkọ mi lè kú sójú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún tí a fi owó ìgbéyàwó wa gbẹ́.

Áḿbúláǹsì gbé òun àti Màmá, mo wa ọkọ̀ wa tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà ní kí ló bù ú jẹ. Màmá gbé ìgò sókè. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò bi wá ní ìbéèrè mìíràn. Wọ́n fi oògùn apa oró sí i nínú iṣan, wọ́n tún fi sí i. A jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ dẹ́kun fífò. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó ní, "Ṣé wọn ò ní páì ẹlẹ́ran níbí?"

Mo bú sẹ́kún. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá ìgò náà lórí àga, mo tún bọ́ bàtà mi. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀."

"Màmá, ó fẹ́ pa ọmọ yín!"

"Mo mọ̀. Àmọ́ oró tí wọ́n fún jáde lẹ́nu irú ẹ̀ ní ọgbà ẹranko ni wọ́n fi ṣe oògùn tó wà lára ọmọ mi báyìí. Ẹnì kan rí tiẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ pa. Ó gbé e lọ fún wọn." Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, obìnrin tí mo rò pé kò lẹ́rù lára. "Mi ò lè wa ọkọ̀. Bá mi gbé e lọ sí ọgbà ẹranko náà."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà ju bí mo ti ṣe fẹ́ràn ìyá tó bí mi lọ, kí Ọlọ́run má bínú.

Mo gbé ìgò náà sórí àga iwájú, mo fi bẹ́líìtì dè é. Gbogbo ibi tí títì ti bàjẹ́, ńṣe ni mo rọra ń gbé ọkọ̀ kọjá. Aláǹtakùn náà ká ẹsẹ̀ jọ, kò mira. Mo pa ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo gbá ìgò náà mú, mo sì ń pariwo mọ́ ọn:

"Ìwọ ọ̀dájú, ìwọ ìkà, jọ̀ọ́, má kú. Ọmọ ẹlòmíràn tó máa nílò oró rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́, má kú."