Imú Tí Mo Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Gbé Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi, Yésúfù, ti ń mu sìgá kí n tó gbọ́n. Gbogbo Ọjà'ba ló mọ̀. Èmi Àáfà Muhydeen, tí mò ń kọ́ ọmọ ní kéú, èmi kì í mu ún. Gbogbo Ọjà'ba ló mọ ìyẹn náà.

Nígbà táwọn dókítà kan wá ń wá àwọn tó ń mu sìgá, ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fẹ́ fi ha inú imú wọn, kí wọ́n lè wo jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, tó bá jáde, bóyá àmì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wà lára rẹ̀. Ó rí búrọ́ọ̀ṣì, ó padà sílé.

“Lọ bá mi fún wọn,” ló wí.

“Bọ̀ọ̀dá, imú yín ni wọ́n ń bèèrè.”

“Ìyá kan, bàbá kan. Jíìnì wo ni mo ní tí o ò ní?”

Ẹ dákun, kí ni kí n sọ? Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi jẹ́ tèmi bí ẹrú. Mo di Yésúfù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n bi mí ní iye tí mò ń mu lójúmọ́, mo dáhùn wéré. Wọ́n ha imú mi, mo sín, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi: àwọn rí àmì. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti wà dandan, àmọ́ kó tètè wá ya fọ́tò àyà.

Háà! Ilé dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé tòun náà ni: ìyá kan, bàbá kan. Karimat ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ní kí èmi ṣáájú àdúà. Mo ṣáájú. Wọ́n ń ṣe àmín. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń mu sìgá nínú ṣálángá, tí mò ń fi tùràrí bo òórùn rẹ̀. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, ẹ̀rù ẹnu Ọjà'ba sì ń bà mí jù ú lọ. Òmùgọ̀ ni mí.

Mo dá àdúà dúró. “Imú mi ni wọ́n ha,” ni mo wí. “Èmi náà ń mu ún.”

Mo ń retí ìgbájú. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Muhydeen, èwo lò ń mu?”

Mo sọ fún un.

“Èyí tó le jù nìyẹn,” ló wí, ó sì dì mọ́ mi.

Ní Mọ́ńdè, a jọ gun ọ̀kadà kan lọ sọ́sibítù. Karimat ti búra pé wọ́n á ha imú ọkọ òun náà lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe Yésúfù.

Àwa méjèèjì la dìde.