Ẹ̀bẹ̀ Tí Oríọlá Lọ Bẹ̀ ní Oǹdó

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń pe ọkọ mi ní apànìyàn ní àdúgbò wa kó tó di pé ó yìnbọn fún ẹnikẹ́ni rárá. Oríọlá lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Àkúrẹ́, ọmọ Oǹdó ni, ọmọ ọdẹ sì ni. Ó ní oko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró, àwọn ajínigbé sì ti sọ igbó tó wà lọ́nà ibẹ̀ di ilé. Ìdí nìyẹn tó fi gba ìwé àṣẹ tó sì ra ìbọn ọdẹ kan. Lọ́dọọdún ló ń tún ìwé náà ṣe lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Tí kò bá ti lọ sóko, inú àpótí onírin ni ìbọn ń gbé, ọrùn rẹ̀ ló sì ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wa. Tí mo bá wọ ìpàdé àwọn onílé, wọ́n á sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni pé èmi gan-an ni ìbọn. Àwọn ìyá kan kì í jẹ́ kí ọmọ wọn wá ra bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Alága wọn, Alàgbà Ọládàpọ̀, ló burú jù nínú wọn. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, "ubọn" ló máa ń pe ìbọn, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti mẹ́nu bà á.

"Ubọn kò gbọdọ̀ gbé láàárín ọmọlúàbí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ọlọ́pàá nìkan nìjọba fún láyè. Ẹni tó bá gbé ubọn sínú ulé, ó ní ẹni tó fẹ́ pa."

Ó tiẹ̀ kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n kọ̀wé lọ bá ọlọ́pàá pé kí wọ́n gba ìbọn náà. Ọlọ́pàá wo ìwé àṣẹ, wọ́n ní kò sí ẹjọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Alàgbà kò ti dá ọkọ mi lóhùn mọ́ tó bá kí i.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan, oòrùn kò tíì wọ̀, Oríọlá ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ìbọn wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo dúró sí, ojú mi ló ṣe. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ti ká Alàgbà mọ́ ẹnu géètì rẹ̀, wọ́n fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan fi àdá lé e lọ́rùn. Bí Alàgbà ṣe rí ọkọ mi báyìí, ó figbe ta.

"Oríọlá! Ọlọ́dẹ! Gbà mí o! Yìn ín fún un! Yìn ín!"

Ẹ gbọ́ dáadáa o, òun fúnra rẹ̀ ló ní kó yìn ín. Oríọlá kọ́kọ́ yìn ín sókè. Àwọn méjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó mú àdá kò sá, ńṣe ló gbé e sókè láti ṣá Alàgbà. Ọkọ mi ti ki ọta mìíràn, ó sì yìn ín fún un lẹ́sẹ̀. Ọmọkùnrin náà ṣubú, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oríọlá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nígbà tí a ní ká fi ọkọ̀ Alàgbà gbé e lọ sí ọsibítù, Alàgbà ní kí ẹ̀jẹ̀ má kan ìjókòó òun. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la fi gbé e. Èrò ti pé lé wa lórí nígbà yẹn, kí ọlọ́pàá sì tó dé, àdá ti pòórá.

Ọmọkùnrin náà sọ fún ọlọ́pàá lórí bẹ́ẹ̀dì pé òun kàn ń kọjá lọ ni. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ mi, wọ́n gba ìbọn, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú, Alàgbà wọlé wá bá wa, ó gbé Bíbélì dání, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ọmọ mi, Olúmúyìwá lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Oǹdó ni bíi tìrẹ. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà pé kó tún ìlú ṣe. Tí o bá ti bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ parí."

"Kí ló ṣe tó fi máa bẹ̀bẹ̀?" ni mo bi í.

Ọkọ mi ló dá mi lóhùn. "Fẹ́yìsayọ̀, mo ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláàbọ̀ ara. Ṣé n ò ní lọ kí bàbá rẹ̀ ni?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá bá, à ń bẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ àwa la jẹ̀bi, ìbáà má jẹ́ àwa. Mo tẹ̀lé e lọ sí Oǹdó pẹ̀lú iṣu àti epo. Bàbá arúgbó náà, Bàbá Adébùsóyè, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò wo ojú wa. Oríọlá na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ẹnì kan nínú ilé náà gbé fóònù sókè, ó ń ká wa sílẹ̀. Bàbá náà ní, "Ẹ máa lọ." Kò gba iṣu.

Kí a tó dé tésàn lọ́jọ́ Ajé, fídíò ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́ fún wa gbọ́. "Ọwọ́ mi ló ṣe é." Ó ní, "Tíṣà, ṣé ohùn ẹ kọ́ nìyẹn? Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ láìjẹ̀bi?" Wọ́n ti ọkọ mi mọ́lé, wọ́n ní ó gbìyànjú láti pa èèyàn.

Lọ́yà wa, Ànúolúwapọ̀, ṣàlàyé fún mi. Ó ní òfin gbà kí èèyàn gbèjà ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn tí ikú bá ti dé tòsí. Ṣùgbọ́n níbo ni àdá wà? Láìsí àdá, wọ́n á ní ó yìnbọn fún ọmọ tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n á sì ní ìyàwó ni mí, pé kí ni mo tún fẹ́ sọ. Ẹnu Alàgbà nìkan ló kù tó lè yọ ọ́.

Mo sáré lọ sílé Alàgbà. Mo kúnlẹ̀.

"Mo dijú nígbà náà," ló wí. "Àdúrà ni mo ń gbà. N ò rí àdá kankan."

"Ẹnu tí ẹ fi ń gbàdúrà náà lẹ fi ní kó yìn ín?"

Ó mi kanlẹ̀. "Ìyàwó, gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tí mo ti ń sọ nípa ubọn. Ṣé kí n wá dúró ní kóòtù, kí n ní ubọn ló gbà mí là? Àti pé fídíò ti jáde. Bí kò bá jẹ̀bi, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Òun ló rán an lọ bẹ̀bẹ̀! Mo dìde, mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ. Obìnrin kan níta ní, "Ẹ wo ìyàwó apànìyàn." Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà, inú sì ń bí mi sí wọn di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́rú, mo gbé oúnjẹ lọ sí tésàn. Bàbá Adébùsóyè ló wọlé lẹ́yìn mi, ó fi àpò ìdọ̀họ di nǹkan mọ́ra. Mo rò pé ó wá tẹ ọkọ mi mọ́lẹ̀ sí i ni. Mo kí i, ó kọjá lára mi lọ. Ó tú àpò náà sórí káńtà ọlọ́pàá. Àdá ni.

"Èmi ni mo ni ín," ló wí. "Èmi ni mo fi èèkù sí i. Ọma mi, Olúmúyìwá, mú un jáde lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yọ́ ọ gbé láàárín èrò, ó gbé e wá bá mi pé kí n sin ín."

Ọ̀gá ọlọ́pàá tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yín lọ̀rọ̀ yìí máa gbé lọ?"

"Mo mọ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Lọ́yà sáré dé, ó bá wọn fà á títí, kí wọ́n tó mú Oríọlá jáde kúrò ní àtìmọ́lé. Bí ó ti rí bàbá náà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sókè sí i.

"Má ṣe é! N kò dárí jì ọ́. Ọma mi kò ní fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́ láéláé. Mo kórìíra rẹ, mo kórìíra ìbọn rẹ."

"Kí ló wá gbé yín wá, Bàbá?" ni mo bi í.

Ó sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. "Lọ́jọ́ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi, àdá yìí wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo jókòó, mo jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. N kò rí oorun sùn láti ìgbà náà."

Ó ká àpò rẹ̀ tó ti ṣófo, ó fi há abíyá, ó sì bi ọlọ́pàá kan léèrè ọ̀nà ọsibítù tí ọmọ rẹ̀ wà.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀nà hàn mí," ló wí. "Ọma mi kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé èmi ni mo tì í sẹ́wọ̀n, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."