Ìlédìí Lórí Fẹ́ǹsì Mejọ̀

Nígbà tí Ìyá Màríàm gbé dráyà àkọ́kọ́ wọ ilé wọn ní Ìfàkò, àwọn ará àdúgbò rò pé ṣọ́ọ̀bù onírun ni wọ́n fẹ́ ṣí. Sùlíyá tó ń dirí lódìkejì títì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Dráyà wo ló tóbi tó báyìí? Ṣé orí erin ni wọ́n fẹ́ máa kì bọ̀ ọ́ ni?" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìkejì dé, ẹ̀rín náà dín kù. Nígbà tí ìkẹta dé, ńṣe ni wọ́n ń wo Ìyá Màríàm bí ẹni tí nǹkan ti ń ṣe.

Èmi Simbiat, ayálégbé wọn ni mí. Fàúsát Àjíṣọlá lorúkọ Ìyá Màríàm gan-an. Aṣọ fífọ̀ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ṣe nílé àwọn òyìnbó ní GRA Ìkẹjà. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà di yẹpẹrẹ, tí àwọn ilé-iṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Ògbà ń ti géètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òyìnbó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìyàwó òyìnbó tí Ìyá Màríàm ń bá ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n mú ohun tó bá wù wọ́n nínú ilé. Ó rò pé fíríìjì ni wọn yóò mú. Dráyà onígáàsì tó ń mú aṣọ gbẹ ni wọ́n mú, àpótí irin funfun gìrìwò kan tó ní gíláàsì róbótó lójú. Iná gáàsì á máa jó nísàlẹ̀, àgbá tí aṣọ wà nínú rẹ̀ á máa yí lókè iná náà.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n," ni wọ́n máa ń sọ fún wa. "Ìyá mi fọṣọ títí ìka ọwọ́ wọn fi bó. Bí òjò bá ti ṣú, ọkàn wọn á dàrú, torí aṣọ oníbàárà tí kò bá gbẹ, ìjà ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú nǹkan yìí, òjò ń rọ̀ lóde, mo bá aṣọ ní gbígbẹ, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sunkún. Mo ní, ìyá mi ì bá rí i."

Ẹnì kan ṣoṣo tó lóye wọn ni Bàbá Suara tó ń gbé ní Dópẹ̀mú. Fítà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n nílé-iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ, kí wọ́n tó lé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù ń fi òòlù fọ́ ẹrù ilé-iṣẹ́ náà, Bàbá Suara gba dráyà kan sílẹ̀ lábẹ́ òòlù wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ti jókòó pọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ìtàn dráyà náà ni: ilé ta ni èyí ti wá, ta ló kọ́kọ́ tanná sí i, kí ló dé tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bàbá Suara á ní, "Tèmi, bó bá ń ṣiṣẹ́, bí ológbò tó ń sùn ni." Ìyá Màríàm á ní, "Tiyín ń hanrun ni, ẹ má tàn ara yín."

Nínú mẹ́ta tí Ìyá Màríàm ní, ọ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́, èyí tí ìyàwó òyìnbó fún wọn, tó ní gíláàsì lójú; àlòkù tó ti bàjẹ́ tí wọ́n rà ni méjì yòókù. Nítorí NEPA, Bàbá Suara jó irin kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèyàn lè máa fi ọwọ́ yí àgbá náà bí kò bá sí iná.

Ọdún tí mo bí Akeem, òjò kò jẹ́ ká rí oòrùn. Ìlédìí ọmọ kò gbẹ, kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, èédú pàápàá tutù. Ìdí ọmọ mi pọ́n, ó ń bó, ó ń sunkún tọ̀sán tòru. Ìyá Màríàm kanlẹ̀kùn, wọ́n nawọ́: "Kó ìlédìí yẹn wá. Kí ni mo gbé nǹkan yìí sílẹ̀ fún?"

Láàárín wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ìròyìn tàn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń gbé báàfù wá láti ojúlé sí ojúlé. Sùlíyá náà gbé tiẹ̀ rù, ojú ń tì í. Ìyá Màríàm kàn fi irin ìyí náà hàn án, wọ́n ní, "Orí erin ti kúrò níbẹ̀. Máa yí i."

Ibi tí ìròyìn náà rìn dé ni kò dára. Ọ̀gá sójà kan tí wọ́n ń pè ní Mejọ̀ Ẹkúndayọ̀ ló ti ń gbé inú ilé tí òyìnbó náà fi sílẹ̀ ní GRA. Ìyàwó rẹ̀, Bísí, gbé jíìpù wá. Ó wo dráyà náà lọ, ó wò ó bọ̀.

"Màmá, nínú ilé wa ni nǹkan yìí ti kúrò. Ilé ìjọba ni. Ẹrù ìjọba nìyí."

"Ẹni tó ni ín ló fún mi."

"Ẹ tà á fún mi nígbà náà."

"N kò tà á."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí ọkọ mi jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Màríàm wí. "Mo sì mọ ẹni tí èmi náà jẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì sójà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá Màríàm dí ẹnu ilẹ̀kùn, sójà kan sì tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fìdí jókòó nílẹ̀. Àwọn sójà náà ṣí dráyà, wọ́n da aṣọ inú rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ìlédìí Akeem wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé dráyà sínú lọ́rì, wọ́n lọ. Títì kún fún èèyàn tó ń wò.

Bàbá Suara sáré dé nígbà tí wọ́n gbọ́. "Fàúsát, fi í sílẹ̀ fún wọn. Sójà ni wọ́n. O ṣì ní méjì."

Ìyá Màríàm ń ṣa aṣọ nínú ẹrẹ̀, wọn ò gbójú sókè. "Bí mo bá ní méjì, ìyẹn ni kí wọ́n fi gba ẹ̀kẹta?" Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí àwa obìnrin. "Wọ́n ti gbé dráyà lọ. Aṣọ wa ló kù tí kò tíì débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ dáadáa. Lọ́la, ẹ jẹ́ ká lọ sá a."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ìdí ọmọ mi, mo ní màá lọ.

Láàárọ̀, a gbé báàfù aṣọ tútù rù, a wọ mólúè l'Ágége. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bi wá pé, "Ẹ̀yin ìyá, odò wo lẹ̀ ń lọ?" Sùlíyá dá a lóhùn pé, "Odò Mejọ̀."

Fẹ́ǹsì ilé náà kò ga, irin ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀. Ìyá Màríàm kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n fa tòbí ara wọn yọ nínú báàfù, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí géètì. Ni gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀. Ìró, yẹ̀rì, ìlédìí, aṣọ ìbora, gbogbo fẹ́ǹsì kún.

Sójà tó ń ṣọ́ ẹnu géètì sáré jáde. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"À ń sá aṣọ," ni mo wí.

"Wọn kì í sá aṣọ síbí!"

"Ẹ̀yin lẹ gbé dráyà wa wá síbí," ni Ìyá Màríàm wí. "Ibi tí dráyà bá wà laṣọ ń wà."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ká aṣọ nínú wa. A dúró, òjò ń pa wá, a tẹjú mọ́ wọn. Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ń rọra wò, àwọn kan ń fọn fèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mejọ̀ jáde wá, tòun ti búútù. "Sájẹ́ǹtì! Kó gbogbo pàǹtírí yìí kúrò!"

Sájẹ́ǹtì náà rìn dé iwájú géètì, ó rí tòbí náà, ó dúró. "Ọ̀gá, ẹ dákun. N kò lè fọwọ́ kan tòbí àgbàlagbà. Ìyá mi ń bẹ láyé." Ó wo àwọn yòókù. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Mejọ̀ súnmọ́ Ìyá Màríàm. "Mo lè tì yín mọ́lé, ẹ mọ̀."

"Ẹ tì mí. Aṣọ mi á dúró dè mí níbí títí màá fi dé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń gbé ládùúgbò náà fi dúró. Ọkùnrin náà sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀. Ó wo ìlédìí Akeem tó ń kán tótó lórí irin, ó wo Mejọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ. Ojú Mejọ̀ pọ́n. Lójú fèrèsé lókè, a gbọ́ ohùn Bísí: "Ẹ gbé e fún wọn, ẹ jọ̀ọ́! Ìtìjú yìí ti tó!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ́rì náà padà sí Ìfàkò. Wọ́n fẹ́ já dráyà sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Ìyá Màríàm na ọwọ́ méjèèjì: "Ibi tẹ́ ẹ ti gbé e ni kẹ́ ẹ gbé e sí." Wọ́n gbé e wọlé. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá Màríàm ki ìka bọ ihò náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ ni wọ́n fọ́. Wọn ò fọ́ inú rẹ̀."

Bàbá Suara wá fi páànù dí i. Wọ́n ní ká wá yàrá inú lọ́hùn-ún gbé e sí, ká fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kí sójà mìíràn má baà rí i. Àwọn onílé àdúgbò náà bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Màríàm gbọ́ wọn tán, wọ́n pè wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì jọ wọ́ dráyà náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ní títì ti lè rí i.

"Ẹni tó bá fẹ́ gbé e," ni wọ́n wí, wọ́n ṣáná sí gáàsì, "kó wá gbé e lójú gbogbo ayé."

Ibẹ̀ ló wà títí mo fi kó kúrò nílé náà.