Gíláàsì Tó Rì Sínú Ilẹ̀kùn

Bọ́sẹ̀dé tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ Pijó kan, ó kúnlẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì. Keziah ìyá rẹ̀ gbé abọ́ dání kí ọ̀kan má baà sọnù.

"Ọmọ yìí, ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ o!" Lazarus awakọ̀ ké sí i láti abẹ́ igi máńgòrò. Ó fún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

"Bọ̀dá, mo ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá rí. Ó ṣì ń ránṣọ."

"Nọ́ọ̀tì méjì ló ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà," ni Keziah wí.

"Màmá!"

Ọyẹ́ ọdún 1978 ni. Gíláàsì fèrèsé yìí ti rì sínú ilẹ̀kùn tipẹ́. Èèyàn á máa yí ọwọ́ rẹ̀ lásán. Páálí tí Lazarus fi dí i, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Láti Osi dé Òmù-Àrán, eruku pupa a máa wọlé bí ẹni tó sanwó ọkọ̀. Lọ́dún tó kọjá, inú eruku yẹn ni Bọ́sẹ̀dé gbà dé Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n bi í ní orúkọ. Ikọ́ fée ló bá a dáhùn. Wọ́n ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Wọ́n ti tún pè é báyìí, ọ̀la sì ni. Ọkọ̀ mìíràn kò sì sí tó ń lọ síbẹ̀.

Ó ṣí awọ ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ. Gíláàsì wà níbẹ̀, kò fọ́.

"Màmá, ẹ bá mi yí ọwọ́ yẹn." Keziah yí i. Bọ́sẹ̀dé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Irin ń gòkè, gíláàsì ò tẹ̀ lé e!"

Rọ́bà tó yẹ kó di ẹsẹ̀ gíláàsì mú nínú irin ti jẹ tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó ṣẹ́ ẹ po bí etí aṣọ, ó fi bo ẹsẹ̀ gíláàsì. Ó nípọn jù, kò wọlé. Ó wá tíúbù tó ti gbó, tó fẹ́lẹ́. Ó fi omi ọṣẹ pa á, ó tì í. Ó wọlé pinpin.

Nígbà tó dá awọ ilẹ̀kùn padà, tó de nọ́ọ̀tì tán, tó yí ọwọ́, gíláàsì gòkè díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan òkè. Lazarus wá yí i fúnra rẹ̀, sókè, sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Keziah da abọ́ dojú dé: nọ́ọ̀tì kankan kò ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ kejì, ìta ni eruku wà títí wọ́n fi dé Ìlọrin.

"Kí ni orúkọ rẹ?" ni obìnrin aláṣọ funfun bi í.

"Bọ́sẹ̀dé Adéyẹyè, láti Osi." Ó mí kanlẹ̀, ó sì dúró de ìbéèrè kejì.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Lazarus ti Ìlọrin dé, ó dá Pijó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Bọ́sẹ̀dé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó yí gíláàsì ọ̀hún wálẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbà na lẹ́tà ìgbàwọlé sí Bọ́sẹ̀dé.