Àkúrẹ́ sí Oǹdó, Gba Lọ́ńdọ̀nù

Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́, kí ẹ tó sun oorun kan jí, ẹ ti dé Oǹdó. Ọdún mẹ́fà ni n kò fi rin ọ̀nà yẹn. Mo ti búra pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé Adébùsóyè mọ́, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ni bàbá wa ń gbé. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo lówó mọ́tò, n kò kàn lọ ni.

Adébùsóyè ni àbúrò tó tẹ̀lé mi. Níbi ìsìnkú ìyá wa, mo ní kí pásítọ̀ ìjọ mi gbàdúrà lé pósí. Adébùsóyè, baba ìjọ ní Áńgílíkà, dìde, ó já makirofóònù gbà lọ́wọ́ pásítọ̀ lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, bó bá ní ọ̀rọ̀ tó kàn mí, Stephen, àbígbẹ̀yìn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń sọ ọ́ fún, Stephen yóò wá sọ fún mi. Èmi náà, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń fi èsì gbà. Kí n má parọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́dún yìí, ìjọba ní kí àwa àgbà inú ọ́fíìsì lọ kọ́ bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Arákàlé. Precious ni olùkọ́ wa; kò ju àkọ́bí mi lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n kọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ kì í lọ lódindi. Wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà kan sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibùdó kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá yóò yọ oókan kúrò nínú nọ́ńbà náà. Bí nọ́ńbà bá tán kó tó dé ibi tó ń lọ, wọ́n á dà á nù sójú ọ̀nà.

"Kí ló dé tí wọ́n á fi dà á nù?" mo bi í.

"Kó má baà máa rìn kiri títí ayé ni, Mà."

Ó wá ní kí a tọpa ọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà wa lọ sí ẹ̀ka wọn ní Oǹdó. Àwọn ibùdó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: Àkúrẹ́, Èkó, Lọ́ńdọ̀nù, Èkó, Oǹdó. Precious ní ilé-iṣẹ́ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wa àti èyí tó ń gbé ti Oǹdó kò so okùn pọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń pàdé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.

"Irú òmùgọ̀ wo rèé?" mo ní. Gbogbo kíláàsì bá mi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà gan-an, bàbá wa tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ lanu ní Oǹdó, wọ́n ní, "Ẹ bá mi pe Moríyọ̀." Èmi ni Moríyọ̀. Adébùsóyè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Stephen. Stephen wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní ilé àwọn arúgbó, níbi tí wọn kì í ti í gba fóònù láyè, ó ń tọ́jú bàbá ẹlòmíràn. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló tó pè mí.

"Àǹtí, ẹ máa lọ o! Láti àná ni Bàbá ti ń béèrè yín."

Èyí tí Precious tọpa rẹ̀ lọ Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bọ̀, kí n tó ṣẹ́jú. Tiwa gba odidi ọjọ́ kan.

N kò yà sílé mú aṣọ. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n ṣáà bá wọn láàyè.

Adébùsóyè ló ṣílẹ̀kùn. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, n kò mọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dúró kó sọ̀rọ̀; bóyá òun náà ń dúró dè mí, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó gbé fóònù sétí.

"Stephen," ó ní, "sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n wọlé. Sọ fún wọn pé Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, kò tíì pé wákàtí kan."

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fóònù mi dún nínú báàgì, mo gbé e, mo jẹ́ kí Stephen fi ẹkún sọ ọ́ tán.

"Sọ fún un," mo ní, "pé mo ti gbọ́."